Tòmátì Ìyá Alátà: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìṣòro Gidi Kọ́ Ọmọ Púráímárì ní Sáyẹ́ǹsì

Ẹ pe ọmọ Púráímárì 4 kan tó já fáfá, ẹ ní kó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi bá ń gbẹ. Yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, yóò ka ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ka Sáàmù, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bi í léèrè ìdí tí omi inú àmù ìyá àgbà fi ń tutù ju omi inú kẹ́ẹ̀gì lọ, nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá kan náà ni méjèèjì wà. Yóò dákẹ́. Ìbéèrè kan náà ni ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni.

Mo ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti fi nóòtì kún ojú pátákó títí ẹfun fi dun ọwọ́ mi. Ohun tó yí mi padà ni ọ̀nà ìkọ́ni tí àwọn olùkọ́ ń pè ní PBL, ìyẹn kíkọ́ ẹ̀kọ́ láti inú ìṣòro. Dípò kí tíṣà kọ́ni tán kó tó béèrè ìbéèrè, ìṣòro ni yóò kọ́kọ́ gbé síwájú àwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n bá nílò láti fi yanjú rẹ̀ ni wọn yóò máa kọ́ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Kì í ṣe àwọn ọmọdé ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì McMaster ní ìlú Hamilton, ní Kánádà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1969: wọ́n á gbé ọ̀ràn aláìsàn kan síwájú akẹ́kọ̀ọ́, á di pé kó wá ohun tó ń ṣe aláìsàn náà rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, kò sí ẹni tó fẹ́ràn ìṣòro tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Tòmátì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, láti ọjọ́ tí tíṣà bá ti ronú kan ìṣòro títí dé ọjọ́ tó fún wọn ní máàkì. Púráímárì 4 tàbí 5 ló bá mu jù. Ẹ ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àkókò ẹ̀kọ́ méjì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀ fún kíka tòmátì.

1. Ẹ wá ìṣòro tí ọmọ lè fọwọ́ kàn

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí náà ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí mo gbé wọ kíláàsì ni "Báwo la ṣe lè mú ìdọ̀tí kúrò ní ìlú wa?" Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi dáhùn: "Kí ìjọba wá kó o." Ó parí nìyẹn. Ariwo ni wọ́n fi ìyókù àkókò náà pa, ọ̀gá ilé-ìwé sì yọjú lójú fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó bóyá mo wà níbẹ̀.

Ìṣòro yẹn tóbi ju ọwọ́ wọn lọ, kò sì sí ohunkóhun tí wọ́n lè dán wò nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ìṣòro kan bá sọ sí mi lọ́kàn, mo máa ń bi ara mi pé: ṣé àwọn ọmọ ti fojú ara wọn rí i? Ṣé ìdáhùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ? Ṣé a lè fi ohun tó wà ní àyíká dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe? Èyí tó kù ni èyí tí àwọn tó ń wá yẹ ìwé wa wò kì í gbàgbé: ṣé ẹ̀kọ́ tó wà nínú síkímù sáà yìí ló fara pamọ́ sínú rẹ̀?

Tòmátì yege nínú gbogbo rẹ̀. Púpọ̀ nínú tòmátì tí à ń rà ní Bódìjà ní Ìbàdàn, Òkè Ọya ni ọkọ̀ ti ń kó o bọ̀ nínú agbọ̀n. Ó ti sùn lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ti fi ẹ̀yìn ru èyí tó wà lókè. Kò sí ọmọ tí wọn ò rán lọ ra ẹ̀ṣà rí nígbà tí owó ọbẹ̀ kò bá tó. Nínú ẹyọ ìṣòro yìí, ẹ ó rí ẹ̀kọ́ ooru, omi tó ń gbẹ, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, àti ìtọ́jú oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí a máa ń kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bíi pé ìyá wọn kò bí wọn pọ̀.

Bí tòmátì kò bá bá sáà yín mu, ẹ wò yíká. Fún Púráímárì 2, ẹ gbin ẹ̀wà síta, kí ẹ tún gbin òmíràn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n wá sọ ìdí tí ti inú òkùnkùn fi ga ṣùgbọ́n tó funfun bí aláìsàn. Púráímárì 3 lè wá ibi tí ẹ̀fọn kíláàsì wọn ti ń wá, tí wọ́n bá ń yẹ inú agolo, táyà àti gọ́tà ilé-ìwé wò. Púráímárì 6 lè fi yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti èédú sẹ́ omi kànga tó ní ẹrẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún wọn gidigidi pé omi tó mọ́ lójú kì í ṣe omi mímu. Ó ṣì gbọ́dọ̀ hó lórí iná.

2. Ẹ sọ ìṣòro náà di ọ̀rọ̀ ènìyàn

Ẹ kọ ìtàn kékeré, kó má ju gbólóhùn mẹ́jọ lọ. Èyí ni tèmi:

"Ìyá Alátà ń ta tòmátì nítòsí ilé-ìwé wa. Ọjọ́ ọjà ló máa ń ra agbọ̀n kan wálé, á sì di ọjọ́ karùn-ún kí ọjà tó tún ná. Tó bá di ọjọ́ kẹta, tòmátì ìsàlẹ̀ agbọ̀n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti ń dà á nù. Kò ní fíríìjì. NEPA kì í sì í dúró. Ó ní kí a bá òun wá ọ̀nà tí tòmátì yóò fi dé ọjọ́ ọjà láìrà, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ohun tí yóò jẹ gbogbo èrè òun."

Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta tó kẹ́yìn yẹn, àwọn ló gbé iṣẹ́ dúró. Ká ní n kò sọ pé kò ní fíríìjì ni, ọmọ àkọ́kọ́ tó bá nawọ́ á ní "Kó gbé e sí fíríìjì," gbogbo wa á sì máa wo ara wa lójú. Odi tí ẹ mọ yí ìṣòro ká ló ń mú ọmọ ronú. Ẹ má mọ ju mẹ́ta lọ, kó má di ẹ̀wọ̀n.

Ẹ má kọ́ wọn ní ohunkóhun nípa ooru tàbí omi kí ẹ tó ka ìtàn yìí. Mo mọ̀ pé yóò máa yún yín lẹ́nu.

3. Ẹ pín pátákó sí ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ fa ìlà méjì sí ojú pátákó. Ẹ kọ "Ohun tí a mọ̀" sí apá kan, "Ohun tí a kò tíì mọ̀" sí àárín, "Bí a ó ṣe mọ̀ ọ́n" sí apá kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ, kí ẹ sì máa kọ, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an, yálà ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà.

Wọn yóò ní: "Oòrùn ló ń mú un rà." "Bí ọ̀kan bá rà, á kó ran ìyókù." "Omi ló ń bà á jẹ́." Ọ̀rọ̀ kẹta yìí máa ń jáde lọ́dọọdún. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì mi orí. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, tí ìkòkò tí wọ́n ń da omi sí (àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ níwájú) bá ń pa tòmátì mọ́ ju apẹ̀rẹ̀ gbígbẹ lọ, àwọn fúnra wọn ni yóò padà wá bá gbólóhùn náà jà.

Àárín pátákó ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni kì í tètè kún. Ọmọ wa kò mọ́ra láti sọ ohun tí kò mọ̀ níwájú tíṣà. Ní ilé-ìwé púpọ̀, ẹgba ló wà lẹ́yìn irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni èmi fi máa ń kọ tèmi síbẹ̀ ṣáájú: "Kí ló dé tí ti ìsàlẹ̀ fi ń kọ́kọ́ rà?" Lẹ́yìn tí wọ́n bá rí i pé Àǹtí náà ní ohun tí kò mọ̀, ẹnu wọn á là. "Kí ni nǹkan funfun tó ń hù lára rẹ̀?" "Tòmátì aláwọ̀ ewé ńkọ́, ṣé òun náà ń rà?"

Èdè wo ni ẹ ó fi ṣe èyí? Yorùbá ni, bó bá jẹ́ Yorùbá ni àwọn ọmọ ń sọ nílé. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á bínú, pàápàá ní ilé-ìwé aládàáni, níbi tí ọmọ ti ń san owó ìtanràn nítorí ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé púráímárì St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ohun gbogbo, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé; nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá, wọn kò gbẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ronú, kí wọ́n fi Yorùbá jiyàn. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ wá fún wọn ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò yóò béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

4. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́

Márùn-ún márùn-ún ni. Nínú kíláàsì ọlọ́mọ 60, ọ̀wọ́ méjìlá nìyẹn, ọ̀wọ́ méjì á sì máa ṣe ohun kan náà. Èyí kò burú, nítorí wọ́n lè fi èsì wọn wéra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́: alága, akọ̀wé, ẹni tó ń tọ́jú ẹrù, ẹni tó ń da omi, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa béèrè "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" lọ. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yìí fún ọmọ tó máa ń dákẹ́ jù. Ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ kan tí orí rẹ̀ pé ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn yòókù á di òǹwòran.

5. Kí wọ́n lọ béèrè nílé, kí wọ́n tó dán an wò

Iṣẹ́ ilé ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní ìwé nínú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbàlagbà kan nílé léèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú tòmátì kó tó di pé fíríìjì dé, àti ìdí tí omi àmù fi ń tutù.

Ohun tí wọn yóò kó bọ̀ á yà yín lẹ́nu. Ẹnì kan á ní ìyá òun máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, tí ẹyọ kan kì í fara kan èkejì. Òmíràn á ní wọ́n ń gé e, wọ́n ń sá a sóòrùn. Òmíràn á ní wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é gbẹ, wọ́n á wá da òróró lé e lórí. Ti àmù ńkọ́? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé "bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ máa lọ.

Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀nà kan tí yóò dán wò. Ọ̀wọ́ kan gbọ́dọ̀ gbà láti má ṣe nǹkankan, kí wọ́n kàn fi tòmátì tiwọn sínú apẹ̀rẹ̀ bí Ìyá Alátà ṣe ń ṣe. Kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Wọ́n á ní Àǹtí kò fẹ́ràn àwọn. Ẹ bi gbogbo kíláàsì léèrè pé: "Bí tòmátì yín bá pẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, pẹ́ ju ti ta ni lọ?" Bí wọ́n bá ti rí i pé láìsí ọ̀wọ́ yìí, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun borí, iyì wọn á ga.

Kó má bàa sí ojúsàájú, tòmátì mẹ́wàá ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, láti inú agbọ̀n kan náà, kí pípọ́n wọn bára mu, kí ó má sì sí èyí tó ti fọ́ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣà á fúnra wọn, kí wọ́n sì ṣẹ́ gègé lórí ẹni tí yóò mú èwo. Ibì kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ wà, níbi tí oòrùn kò dé ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì rí, nígbà tí a ó fi ṣí kíláàsì ní Ọjọ́ Ajé, òórùn ti lé wa padà, a kò sì mọ ọjọ́ tí èwo rà.

Bí ọmọ kan bá ti mẹ́nu kan àmù, ọ̀nà ìkòkò ti là nìyẹn. Bí kò bá sí ẹni tó mẹ́nu kàn án, ẹ gbé àmù kan wá sí kíláàsì, ẹ fi omi sí i, ẹ má sọ nǹkankan. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì tí ọ̀kan lè wọ inú èkejì pẹ̀lú àyè tó fẹ̀ tó ìka méjì tàbí mẹ́ta yí ká. Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tàbí tí ara rẹ̀ ń dán, nítorí ihò tíntìntín ara ìkòkò ni omi ń gbà jáde. Ẹ da yanrìn sí ìsàlẹ̀ èyí tó tóbi, ẹ gbé kékeré lé e títí etí méjèèjì yóò fi dọ́gba, ẹ fi yanrìn dí àárín wọn. Ẹ bu omi sórí yanrìn náà títí yóò fi rin gbingbin. Tòmátì wọ inú kékeré. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ti rẹ sómi bo ojú rẹ̀. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí ẹni tó ń da omi fi agolo mílíìkì wọn omi sí yanrìn, kí akọ̀wé sì kọ iye agolo tó gbà sílẹ̀. Ìkòkò ò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí a tì pa.

Láràárọ̀, wọ́n á ka iye tòmátì tó ṣì dára, iye tó ti rọ̀, iye tó ti rà. Kí wọ́n pinnu ohun tí "rírà" jẹ́ ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìjà á dé. Kíláàsì mi fẹnu kò pé bí omi bá ti ń jáde lára rẹ̀ tàbí tí funfun bá hù sí i, ó ti rà. Bí ẹ bá rí tẹmomítà yá, ẹ fi wọn inú ìkòkò àti inú apẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan inú méjèèjì. Kí wọ́n má fi ẹnu kan tòmátì kankan tó ti wà nínú ìdánwò yìí, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn kíkà.

6. Ẹni tó pa àlọ́ kì í já a

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá yín níkọ̀kọ̀: "Àǹtí, ẹ sọ fún wa, kí ló ń mú un tutù?" Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e mì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ jókòó kí ẹ máa tẹ fóònù. Ní 2006, àwọn onímọ̀ mẹ́ta nípa bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́, Paul Kirschner, John Sweller àti Richard Clark, kọ̀wé pé bí a bá tú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ púpọ̀ sílẹ̀ láìtọ́ wọn sọ́nà, orí wọn á kún, wọn kò sì ní kọ́ nǹkan gidi. Àwọn olùkọ́ mìíràn ta kò wọ́n pé PBL tí a bá ṣe dáadáa kún fún ìtọ́sọ́nà. Lójú tèmi, ẹjọ́ àwọn méjèèjì dára fún ọmọ púráímárì: ẹ má sọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ìbéèrè ni àtùpà tí ẹ ó máa gbé rìn láàárín wọn. "Agolo omi mẹ́ta lẹ bù sí yanrìn lánàá, níbo ló lọ?" Ìbéèrè yìí nìkan lè jẹ odindi àkókò ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n á yẹ abẹ́ ìkòkò wò bóyá ó ń jò. Wọ́n á fura sí àwọn Púráímárì 6. Ọmọ kan á wá fọwọ́ kan ara ìkòkò òde, á ní "Ó ń làágùn!" Nígbà náà ni kí ẹ béèrè pé: "Kí ló dé tí ènìyàn fi ń làágùn?"

Nígbà tí wọ́n bá dé ibí, tí ebi ìdáhùn náà ń pa wọ́n gan-an, ẹ dá wọn dúró, ẹ kọ́ wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí gbogbo wọn ki ọwọ́ kan bọ omi, kí wọ́n fi ọwọ́ kejì sílẹ̀ ní gbígbẹ, kí wọ́n na méjèèjì sí afẹ́fẹ́. Èwo ló tutù? Ẹ wá ṣàlàyé: omi kì í ṣàdédé gbẹ. Ó nílò ooru kó tó lè fò lọ sínú afẹ́fẹ́, ohun tó wà lára rẹ̀ ló sì ń gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ara ọwọ́ ló wà, ọwọ́ á tutù. Tó bá jẹ́ ara ìkòkò ni, ìkòkò á tutù, àti tòmátì inú rẹ̀. Ibi tó bá tutù, kòkòrò tó ń mú nǹkan rà kì í tètè bí sí i níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan pariwo lé lórí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó, nítorí àyè rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ nínú orí wọn.

Lẹ́yìn náà, kì í ṣe ṣáájú, ẹ wá sọ fún wọn nípa Mohammed Bah Abba. Olùkọ́ ló jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Jigawa nígbà ayé rẹ̀, ìdílé amọ̀kòkò ló sì ti wá. Òun ló tan ìkòkò inú ìkòkò yìí kálẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya, ó sì gba ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́ aago Rolex ní 2000 nítorí rẹ̀. Tòmátì tó máa ń rà lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ́ tó ọjọ́ 21 nínú ìkòkò rẹ̀. Bí ẹ bá sọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìtàn lásán ni. Bí ẹ bá sọ ọ́ nísinsìnyí, wọ́n á dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀gbọ́n tí wọn ò mọ̀ pé àwọn ní.

7. Ẹ pe ẹni tó ni ìṣòro wá

Ẹ bẹ obìnrin kan tó ń ta tòmátì pé kó wá jókòó fún ìṣẹ́jú 40. Kò nílò láti mọ̀wé. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á dúró, á sọ ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n rí, àti iye tí yóò náni. Wọ́n ti lọ béèrè owó ìkòkò àti yanrìn fúnra wọn.

Ẹni tó wá bá wa kò fi àánú gbé wọn. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣé o. Agbọ̀n odindi ni mo ń rà. Ìkòkò mélòó ni yóò gbà á?" Ojú pọ́n wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò rẹ̀: mélòó ló wọ ìkòkò kan, mélòó ló wà nínú agbọ̀n. Ọ̀wọ́ tó tẹ́ tòmátì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí gbogbo kíláàsì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò ṣe nǹkankan, ló wá sọ pé kó fi ìkòkò tọ́jú èyí tó pọ́n jù, kó sì tẹ́ ìyókù. Ìyá náà ní òun gbà.

8. Máàkì

Nínú máàkì 20: 5 fún ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, 5 fún ṣíṣe ìdánwò láìsí ojúsàájú, 5 fún àlàyé ìdí, 5 fún bí wọ́n ṣe dáhùn ìbéèrè àlejò. Ọ̀wọ́ tí gbogbo tòmátì wọn rà lè gba 20. Ẹ sọ èyí fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á máa yọ tòmátì tútù láti ilé wá fi pààrọ̀ (mo ti rí i). Fún àlàyé ìdí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá kọ tirẹ̀, kí ẹ lè mọ ẹni tó sùn.

9. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò ni

Sáà kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ni ìkòkò ń ṣiṣẹ́ jù. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ó ń fa omi mu, ohun náà tó ń la wa létè ló ń tu ìkòkò nínú. Ní sáà kẹta, tí òjò bá ti rọlẹ̀ tán, ọ̀rinrin á ti kún inú afẹ́fẹ́, omi ara ìkòkò kì í rí ibi lọ. Ìkòkò kò ní tutù ju apẹ̀rẹ̀ lọ púpọ̀, funfun á sì tètè hù sí tòmátì inú rẹ̀. Tíṣà tí kò mọ èyí á rò pé òun ti ṣe àṣìṣe, á sáré kó gbogbo rẹ̀ dànù kí ọ̀gá tó rí i.

Ẹ má kó o dànù. Ọdún tí mo ṣe é ní oṣù Kẹfà, apẹ̀rẹ̀ borí ìkòkò. Ọmọ kan wò ó títí, ó ní: "Àǹtí, ṣé ìkòkò yìí mọ̀ pé òjò ń rọ̀ ni?" Mo kọ ọ́ sí abẹ́ "Ohun tí a kò tíì mọ̀" bó ṣe sọ ọ́. Mo wá ní kí gbogbo ẹni tí aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ kò gbẹ délẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nawọ́ sókè.